Ìlà Kẹjọ: Kíkọ Yorùbá sí Ojú Ẹ̀rọ Tó Ń Tàn

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń tún rédíò àti ẹ̀rọ iná ṣe, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfẹ́ iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Nígbà tí ẹ bá lọ ra epo, òun ló ń ka lítà àti náírà fún yín. Nígbà tí ẹ bá ra iná, tí ẹ ń tẹ nọ́ńbà 20 sínú mítà, òun náà ni. Stabilizer tó wà lẹ́yìn firíìjì, òṣùwọ̀n tuntun tí àwọn alápatà ń gbé ka iwájú, aago tó ń tàn pupa lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì: ìlà méje péré ni wọ́n fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà. Ní ọjà, "seven-segment" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn náà ni màá máa lò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí rọrùn láti fi kọ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Iná rẹ̀ wà níbẹ̀, wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ kóòdù ni a kì í tàn án, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ó ṣe rí. Àwọn ìlà náà ní orúkọ, láti a dé g. Ìlà tó dùbúlẹ̀ lókè pátápátá ni a. Tí ẹ bá wá ń yí i ká bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, b ló dúró lápá ọ̀tún lókè, c ló dúró lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, d ló dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, e ló dúró lápá òsì nísàlẹ̀, f ló dúró lápá òsì lókè. Èyí tó dùbúlẹ̀ láàárín ni g. Lẹ́yìn méje yìí, iná róbótó kékeré kan wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Póìǹtì ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń ya náírà kúrò lára kọ́bọ̀. Èmi ń pè é ní ìlà kẹjọ, ẹ fi í sọ́kàn.

Báìtì kan, ìyẹn nọ́ńbà kan tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ní bíìtì mẹ́jọ, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 tàbí 1. Ohun tó ń tàn níbẹ̀ náà jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kan fún ọ̀kan. A fún a ní 1, b ní 2, c ní 4, d ní 8, e ní 16, f ní 32, g ní 64, a fún póìǹtì ní 128. Lẹ́tà tó bá wù wá, a kàn máa ro iye àwọn ìlà tó yẹ kó tàn pọ̀ ni, a ó sì fi àpapọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí idán kankan níbẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ náà kò mọ A, kò mọ B. Nọ́ńbà ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ Adó. A ńlá fẹ́ a, b, c, e, f àti g. Ìlà d nìkan ni kò ní tàn. Ẹ ro 1, 2, 4, 16, 32 àti 64 pọ̀, ó di 119. D ńlá kò ṣeé lò, òdo ló máa jọ, nítorí náà d kékeré la máa mú: b, c, d, e, g, ìyẹn 94. Òdo náà ni O ńlá máa jọ, nítorí náà ẹ mú o kékeré: c, d, e, g, ìyẹn 92. 119, 94, 92: Adó nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìdó á fi 48 rọ́pò 119. I tí mo fẹ́ràn ni èyí tó wà lápá òsì, e àti f. Ẹni tó bá lo b àti c, 1 ni àwọn èèyàn máa kà. Ìjerò ń kọ́? 48, 30, 121, 80, 92. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé, kedere ló ń jáde.

Gbogbo ìṣirò yìí, ti irú tí a ń pè ní common cathode ni, níbi tí bíìtì tó jẹ́ 1 ti ń tan iná. Tó bá jẹ́ common anode lẹ rà, níbi tí bíìtì tó jẹ́ 0 ti ń tan iná, tí wáyà rẹ̀ sì lọ tààrà láti ara kọ̀ǹpútà kékeré náà, ẹ yọ iye kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 255. 119 á di 136.

Ó yẹ ká mọ̀ pé nọ́ńbà ni wọ́n dìídì ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Ní 1908, F. W. Wood ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ kan tó ní ìlà mẹ́jọ, ó sì fi ìlà kan tó ti igun kan lọ sí igun kejì kọ 4. Iná gílóòbù ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú èèyàn lè rí, láàárín ọdún 1970 sí 1980 sì ni ẹ̀rọ oní-LED yìí gba inú aago àti ẹ̀rọ ìṣirò kan. Lẹ́tà kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ká má tíì wá sọ lẹ́tà Yorùbá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì sí i máa ń jìyà. K, M, V, W àti X kò fẹ́ jáde rárá, torí pé ìlà tó ti igun lọ sí igun ni wọ́n fẹ́, kò sì sí. Z jọ 2. Q jọ 9.

Ẹ wá ka ABD wa. Lẹ́tà 25 ni. Kò sí Q níbẹ̀, kò sí V, kò sí X, kò sí Z. Nínú gbogbo àwọn oníjọ̀ngbọ̀n tí mo dárúkọ, mẹ́ta péré ló kù fún wa: K, M àti W. Lẹ́tà 22 ló ń jáde tó ṣeé kà. Gb pàápàá kò ní wàhálà, G ni 61, b ni 124, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹ ṣáà má jẹ́ kí g, ìlà àárín, tàn nínú G, kí a, ìlà òkè, má sì tàn nínú b. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n tàn, 6 ni méjèèjì máa dà.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn 22 yìí, mẹ́ta ni wọ́n ní àmì lábẹ́: ẹ, ọ, ṣ. Bí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń ṣe wọ́n ni pé wọ́n á kọ wọ́n bí e, o àti s, wọ́n á ní ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa. Kí ló dé tí a fi ń fi ìyà jẹ ẹni tó ń kà á, nígbà tí iná kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tí kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe tí kì í bá ṣe nọ́ńbà ló wà níbẹ̀? E jẹ́ 121. Ẹ fi 128 kún un, ó di 249, ẹ̀yin náà ti rí Ẹ. O jẹ́ 92. Pẹ̀lú 128, ó di 220, Ọ nìyẹn. S jẹ́ 109. Ó di 237, Ṣ nìyẹn. Ìròpọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀yẹ́ á jẹ́ 220, 110, 249. Ìṣẹ̀ á jẹ́ 48, 237, 249. Ọ̀tùn á jẹ́ 220, 120, 28, 84. Mo ní méjì lórí tábìlì níbí, ẹ lè wá wò wọ́n tí a bá parí: ọ̀kan kọ Ọ̀yẹ́ láìtan póìǹtì, èkejì tan án. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní fẹ́ padà sí ti àkọ́kọ́.

Òótọ́ ni pé iná náà kò sí lábẹ́ lẹ́tà gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ló wà. Ojú máa ń tètè mọ́ ọn. Àmì náà fúnra rẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Àwọn míṣọ́nnárì lo ìlànà lẹ́tà tí Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, tò, fún èdè wa. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó, wọ́n ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, síbẹ̀ títí dòní, àwọn kan ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ń fi àmì róbótó sí i. Kókó ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń kàwé lè mọ̀ pé lẹ́tà yìí yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀. Iná igun yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sin adìyẹ, àwọn kan sì ní ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba, èyí tí wọ́n ń pè ní incubator. Ẹyin adìyẹ ń lo ọjọ́ 21 kó tó di òròmọdìyẹ. Tó bá ti di ọjọ́ 18, a ó dáwọ́ yíyí ẹyin dúró. Nítorí náà, ọjọ́ ni ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ń wò lójoojúmọ́, òun àti bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Èyí tó ń wá láti òkè òkun máa ń kọ "dAy". Tí ẹ̀yin bá fẹ́ ṣe tiyín, tí ìyá tó máa lò ó kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ máa kọ? Ọjọ́ ni: 220, 30, 220, kí nọ́ńbà tẹ̀lé e. Tí ẹ bá pa póìǹtì tì, òjò ni ẹ kọ. Lára incubator, a lè ní kò sẹ́ni tó máa rò pé òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan náà tó ṣe incubator lónìí lè ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn òjò fún àwọn àgbẹ̀ lọ́la, tí ẹ̀rọ yẹn á máa ka iye òjò tó rọ̀ àti iye ọjọ́ tó ti rọ̀ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì á wá jọ ara wọn pátápátá lójú ẹ̀rọ kan náà, àgbẹ̀ kò sì ní mọ èyí tí òun ń kà.

Ti ìgbóná inú rẹ̀ tún dùn. Gbóná: 61, 124, 92, 84, 119. Tutù: 120, 28, 120, 28. Kò sí K, kò sí M, kò sí W nínú méjèèjì, wọ́n ń jáde bí ẹni pé torí wọn ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá gbé e lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, á rí ọ̀rọ̀ méjèèjì kà níbì kan náà. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni àyè: tutù gba àyè mẹ́rin, gbóná gba márùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ní àyè mẹ́rin péré. Nínú kí ẹ gé ọ̀rọ̀, ẹ kúkú ra oní-mẹ́jọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa rìn kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá ń rìn, ẹ má jẹ́ kó sáré. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kà á kí ẹ tó ní ó tọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrajà kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ó ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwọn ọmọ wa. Bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó ní àyè mẹ́rin, tó ń lo IC (ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná) tí wọ́n ń pè ní TM1637, oríṣi méjì ló ní. Èyí tí wọ́n ṣe fún aago ní àmì méjì tó wà láàárín wákàtí àti ìṣẹ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bíìtì 128 ti àyè kejì ló ń tan àmì méjì yẹn, wọn kò sì so póìǹtì àwọn tó kù mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin á fi 249 ránṣẹ́, E lásán lẹ máa rí, ẹ ó rò pé kóòdù yín ló burú. Kóòdù kò burú. Èyí tí wọ́n ṣe fún nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè, èyí tí póìǹtì rẹ̀ ń tàn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

IC MAX7219 ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Àyè mẹ́jọ ló ń bójú tó, gbogbo póìǹtì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó ní ìwà méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ó ní ìlànà kan tó fi ń túmọ̀ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sí ìlànà yẹn, yàtọ̀ sí nọ́ńbà, E, H, L àti P nìkan ló lè kọ, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò àti àyè òfìfo. Ẹ pa ìlànà náà. Ìkejì, ó to àwọn ìlà láti ẹ̀yìn wá: a ni 64, b ni 32, c ni 16, d ni 8, e ni 4, f ni 2, g ni 1. Póìǹtì nìkan ni kò yí, 128 ló ṣì jẹ́. Bí ẹ bá fi 121 ránṣẹ́ tí ẹ ń retí E, 3 lẹ máa rí. A ńlá ò ní yí padà, 119 náà ni lọ́nà méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń dán A wò, tí wọ́n á ní ó ti dáa, tí ọ̀rọ̀ á sì dàrú lẹ́yìn ìgbà náà. E ni kí ẹ máa fi dán an wò.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ iná tipẹ́ mọ èyí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ: tí wáyà bá lọ tààrà láti ara kọ̀ǹpútà kékeré sí ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ máa fún ní resistor tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dín agbára iná kù. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan sí ẹsẹ̀ àpapọ̀, I tó ní ìlà méjì á máa mọ́lẹ̀ yòò, A tó ní mẹ́fà á ṣókùnkùn. Bákan náà, ẹ má ra IC 7447 tàbí 4511 fún lẹ́tà. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀.

Tí a bá fẹ́ àmì ohùn ńkọ́? Lórí seven-segment, kò sí àyè fún un, mi ò sì gbà pé kí á máa fi ìlà òkè dọ́gbọ́n sí i. Ó máa ń ba lẹ́tà jẹ́. Ibi tí àmì ohùn ti ṣeé ṣe ni LCD onílà méjì, èyí tó ń gba lẹ́tà 16 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí iná aláwọ̀ búlúù tàbí ewé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé ìlànà IC HD44780 tí ilé iṣẹ́ Hitachi ṣe. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojú kéékèèké márùn-ún níbùú, mẹ́jọ lóròó. Àyè tí lẹ́tà kékeré bí e àti o ń gbà jẹ́ ìlà márùn-ún, láti ìlà kẹta sí ìkeje. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù: ìlà méjì lókè, ìlà kan nísàlẹ̀. Àmì ohùn lókè, àmì abẹ́ nísàlẹ̀! Nígbà tí mo kọ́kọ́ fa ẹ́ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ sórí ìwé onígun, inú mi dùn kọjá sísọ.

Ẹ jẹ́ kí n pè é fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú márùn-ún náà, láti òsì sí ọ̀tún, jẹ́ 16, 8, 4, 2, 1. Fún ẹ́: 2, 4, 14, 17, 31, 16, 14, 4. Méjì àkọ́kọ́ ni àmì ohùn òkè, 4 tó gbẹ̀yìn ni àmì abẹ́, márùn-ún àárín ni e fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ sọ 2 àkọ́kọ́ di 8, ohùn á wálẹ̀. Tí kò bá ní àmì ohùn, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì tó ṣáájú di òdo. Fún ọ́: 2, 4, 14, 17, 17, 17, 14, 4. Fún ṣ: 0, 0, 14, 16, 14, 1, 30, 4.

IC náà fún wa ní àyè mẹ́jọ péré fún lẹ́tà tí a fúnra wa yà. Tí a bá ka gbogbo ohun tí a nílò ní lẹ́tà kékeré, fáwẹ́lì méje lábẹ́ àmì ohùn méjì jẹ́ 14, ẹ, ọ àti ṣ tí kò ní àmì ohùn jẹ́ mẹ́ta, ń àti ǹ jẹ́ méjì: 19. Wọn kò lè wọ àyè mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ètò yín wo gbólóhùn tó fẹ́ kọ, kó mú àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan sínú àyè mẹ́jọ náà, kó tó kọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra: tí ẹ bá pààrọ̀ ohun tó wà ní àyè kan nígbà tí lẹ́tà yẹn ṣì wà lójú ẹ̀rọ, gbogbo ibi tó wà ló máa yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ nu ojú ẹ̀rọ náà ná.

Oríṣi IC yìí kan wà, tí wọ́n ń pè ní A02, tó ti ní á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù nínú. Ẹni tó bá rí i, mẹ́sàn-án péré ló kù fún un láti yà. Mẹ́jọ á wọlé, ǹ á dúró síta, ẹ lè mú un wọlé nígbà tó bá pọn dandan. Ẹ má fi ń sílẹ̀ ní tiyín, torí agbára káká la fi ń sọ gbólóhùn kan tí kò ní ń. Bí ẹ ṣe máa mọ irú èyí tí ẹ rà ni kí ẹ fi 225 ránṣẹ́ sí i. Tí á bá jáde, A02 ni. Tó bá jẹ́ ä, A00 ni, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà wa.

Èyí mú mi dé ohun kan tó ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹ tẹ "ẹ" sínú kóòdù yín, ẹ ní kí LCD kọ ọ́, ẹ wá rí ä àti lẹ́tà méjì ti àwọn ará Jàpáánù. Kì í ṣe àìsàn. Nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ jẹ́ báìtì mẹ́ta: 225, 186, 185. LCD kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni wọ́n. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ìwé tirẹ̀. Ọ jẹ́ 225, 187, 141 ní lẹ́tà kékeré. Ṣ kékeré jẹ́ 225, 185, 163. Tí àmì ohùn bá wá gun orí ẹ tàbí ọ, báìtì méjì á tún kún un, torí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà: 204 àti 129 fún ohùn òkè, 204 àti 128 fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ibi tí ètò yín ti máa kó báìtì wọ̀nyí jọ, tó máa mọ̀ pé lẹ́tà kan ni, kó tó wá a nínú àtẹ. Bákan náà ló rí fún seven-segment. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn lò lọ́fẹ̀ẹ́. Kò yẹ kí gbogbo ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Èkìtì máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, wọ́n béèrè ìbéèrè. Mo kọ méjì sílẹ̀ nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí sùkúríìnì tó ń ya àwòrán wà, tó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí la tún ń fi seven-segment ṣe?" Ìbéèrè tó dáa ni. Tó bá jẹ́ ohun tí èèyàn máa gbé sún mọ́ ojú kà ni, kó lo sùkúríìnì, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n LED pupa ńlá kan ṣeé kà láti òdìkejì títì. Ó ṣeé kà láti ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ láìwọlé. Kò gbówó lórí, tí ìlà kan bá kú, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ kó sì jó lẹ́ẹ̀dì sí i láàárọ̀ kan. Mítà àti ẹ̀rọ epo kò tíì fi í sílẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn wa á ṣì máa kà á fún ìgbà pípẹ́.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ ló béèrè ìkejì. Wọ́n ní, "O ti kọ Adó, o kọ Ìdó, o kọ Ọ̀yẹ́ àti Ìṣẹ̀. Ìlú tèmi ńkọ́?" Mo ní, Bàbá, ẹ ṣeun, K ni mo ń sá fún. Ìkẹ́rẹ́ ní in, Ìkọ̀lé ní in, Èkìtì fúnra rẹ̀ ní in. Lórí seven-segment, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni 117, ìyẹn a, c, e, f, g: Ìkẹ́rẹ́ á jẹ́ 48, 117, 249, 80, 249. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ á kà á, àlejò lè kọsẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ń fi H dípò K. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí H jẹ́ lẹ́tà wa, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ ìlú tàbí orúkọ ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ gbé síta, ẹ ra èyí tó ní ìlà 14. Ìlà àárín rẹ̀ pín sí méjì, ó ní àwọn ìlà tó ti igun lọ sí igun, àti méjì tó dúró láàárín. K, M àti W ń jáde níbẹ̀ láìsí àbùkù, bẹ́ẹ̀ ni R ńlá. Pẹ̀lú póìǹtì, bíìtì 15 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà báìtì méjì lẹ máa fi ránṣẹ́ dípò ẹyọ kan, ẹ sì máa ka ìwé IC yín láti mọ bíìtì tí póìǹtì wà, torí kì í ṣe 128 mọ́. Bàbá ní àwọn ti ní méjì irú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, póìǹtì rẹ̀ sì ń tàn. A ti fi àdéhùn sí i pé wọ́n á gbé e wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká lè jọ wá ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bátìrì àti resistor.